Bíyìí, Láti Ilẹ̀ Ni Òtútù Náà Ti Wá

Bíyìí Ìbítóyè, ọdún mẹ́rin rèé! Ọdún mẹ́rin tí o ti dákẹ́, tí o kò dá wa lóhùn mọ́: àwa ẹ̀gbọ́n rẹ, àwa àbúrò rẹ, Mọ́wùnmí ìyàwó rẹ, àti àwọn ọmọ méjì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ nílùú Lọ́ńdọ̀nù yìí. Wọ́n ní bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́, ọ̀rọ̀ náà á máa fúyẹ́ lọ́kàn wa. Irọ́ ni wọ́n pa. Ṣe ló kàn ń mọ́ wa lára láti máa gbé e kiri.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ. Moráyọ̀ ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì jogún ẹsẹ̀ gbọọrọ rẹ yẹn tí a kì í rí bàtà tó bá a mu. Ní Sátidé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Powis Street. Levi, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nígbà tí o lọ, ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú lójú títì mọ́. Michael àbúrò rẹ ti kan òrùlé ilé tí o bẹ̀rẹ̀ ní Ìkirè, ó ti rẹ́ ẹ, ó ti kùn ún. Wọ́n fi yàrá rẹ sílẹ̀ fún ọ níbẹ̀. Ta ni yóò sùn sí i?

Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí o máa ń ròyìn rẹ̀ ti ń ná Woolwich àti Abbey Wood. Gbogbo ìgbà tí o bá wa bọ́ọ̀sì gba Yarnton Way, tí èrò kan bá ń ráhùn pé òun ti pẹ́, o máa ń sọ fún un pé kó ní sùúrù, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, ó ti kù díẹ̀. Ó dé lóòótọ́, Bíyìí. Oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn tí a sin ọ́ ló dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Mọ́wùnmí wọ̀ ọ́, ó fi ìborùn bojú títí ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrùlé tàbí ti ọkọ̀ ojú irin la fẹ́ bá ọ sọ lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ ẹní ni. Ọ̀rọ̀ ohun tí èèyàn ń tẹ́ sílẹ̀ kó tó sùn nínú àgọ́ lásìkò òtútù. Má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ nípa.

O kò ní gbàgbé ìpàgọ́ náà. Ìwọ ni aṣáájú ọ̀dọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Thamesmead. Ìwọ lo dá a sílẹ̀ pé ní oṣù kejì ọdún, bí iléèwé bá ti gba ìsinmi, kí àwọn ọ̀dọ́ lọ pàgọ́ sí pápá àgbẹ̀ kan ní Kent, kí wọ́n gbààwẹ̀, kí wọ́n sì gbàdúrà lábẹ́ ọ̀run, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe lórí òkè nílé. Àwọn ìyá ọlọ́mọ á máa kùn pé òtútù ti pọ̀ jù. Ìwọ á ní òtútù kì í pa ẹni tó ń gbàdúrà. Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Lọ́dún tó kẹ́yìn yẹn, ìrì dídì bo gbogbo koríko pápá náà. Àwọn ọmọ gbé máàtì tí iléèwé yá wọn lọ. Ìwọ gbé ẹní, ẹní òré tí ìyá wa fi ránṣẹ́ láti Ìkirè, èyí tí o máa ń tẹ́ gbàdúrà. Mọ́wùnmí ló ká a fún ọ. Òun ló dì í pọ̀ mọ́ kúbùsù mẹ́ta tó nípọn, ó ní kí o fi gbogbo rẹ̀ bora. O sì fi gbogbo rẹ̀ bora. Nígbà tí o máa padà dé, ikọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n dá ọ dúró sílé ìwòsàn, o kò sì bá ẹsẹ̀ rẹ jáde níbẹ̀ mọ́.

Dókítà sọ fún wa pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ ti ń ṣàìsàn tipẹ́ kí o tó lọ síbẹ̀, pé ó lè má jẹ́ òtútù yẹn ló pa ọ́. Àwa gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Mọ́wùnmí ò gbọ́ ju òtútù lọ.

Ta ni ì bá kìlọ̀ fún wa, Bíyìí? Nílé wa, ooru ló ń lé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ooru bá mú, a ó gbálẹ̀, a ó tẹ́ ẹní, a ó sì dùbúlẹ̀ kí ìtutù ilẹ̀ lè gba inú ẹní wọ̀ wá lára. Ohun tí a fi ń wá ìtutù nílé lo gbé lọ sínú ìrì dídì! Gbogbo wa, àtọmọdé àtàgbà, gbà pé òkè ni òtútù ti ń sọ̀ kalẹ̀ bí òjò, pé bí èèyàn bá ti bora dáadáa, ó parí.

Ìyàwó rẹ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ibi tó sì ti mọ̀ ọ́n kò dára. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ, ó ṣe opó bí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ní kó ṣe. Ó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yín, ó tẹ́ ẹní sórí kọnkéré fúláàtì yẹn fún ogójì ọjọ́. Ó bo kúbùsù lé kúbùsù, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń tutù, ìbàdí ń ro ó. Nígbà tó sú u, ó fa kúbùsù kan sí abẹ́ ara rẹ̀, ara sì tù ú díẹ̀. Níbẹ̀ ló ti yé e. Ilẹ̀ ni! Ilẹ̀ ló ń fa ooru lára èèyàn láti abẹ́. Ó dìde jókòó, ó ń wo ògiri, ó sì ń rí ọ ní pápá yẹn, kúbùsù mẹ́ta lórí rẹ, tí kò sí nǹkan gidi kan lábẹ́ rẹ. Òun ló sì di ẹrù náà fún ọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ló ti bá òtútù ṣọ̀tá. Ọmọ rẹ kankan ò gbọ́dọ̀ jáde láìwọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Levi fẹ́ bá iléèwé lọ síbi tí wọ́n ti ń fi bàtà yọ̀ lórí yìnyín, ìyá rẹ̀ ní kó má tún dán an wò láti béèrè. Ìpàgọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà dáwọ́ dúró, nítorí kò sí ẹni tó lè dá a sọ níwájú rẹ̀.

Àfi lọ́dún yìí. Obed, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ipò rẹ gẹ́gẹ́ bí aṣáájú ọ̀dọ́, dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ní ìpàgọ́ ń padà bọ̀, wọ́n sì máa fi ṣe ìrántí rẹ. Ó béèrè àwọn tó máa lọ. Ọwọ́ tó kọ́kọ́ nà sókè, ti Moráyọ̀ ni. Mọ́wùnmí rí ọwọ́ náà láti apá ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Kò dúró gba oore-ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

“Mummy, mo fẹ́ lọ,” ni ọmọ rẹ sọ nígbà tí wọ́n délé.

“Lọ síbo?”

“Camp. Camp Daddy.”

Mọ́wùnmí ń bẹ iṣu lọ́wọ́, kò gbójú sókè. “Daddy ẹ lọ camp. Ṣé o rí i kó jókòó síbí?”

“Mummy, that’s not fair.”

“Ṣé mo ní ó fair ni? Ọmọ obìnrin kan ṣoṣo ni mo ní. Ilẹ̀ yẹn ò ní gba èèyàn méjì lọ́wọ́ mi.”

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fà á lẹ́yìn ìyẹn. Moráyọ̀ a gbé abọ́ oúnjẹ wọ yàrá, á tilẹ̀kùn. Ìyá á máa bá ìkòkò jà ní kíṣìnnì. Àwa náà dá sí i, ká má parọ́. Àwọn kan nínú wa ní kó jẹ́ kọ́mọ lọ, àwọn kan ní ìyá ló bí i, ìyá ló mọ̀. A kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tó wá di ọjọ́ kan, Moráyọ̀ jáde ní yàrá, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró síwájú ìyá rẹ̀. Ó ní, “Mummy, kì í ṣe camp ló pa Daddy. It’s that mat. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé good mat ló lò, ground ì bá má gba heat ẹ̀.”

Bíyìí, ọ̀rọ̀ náà gún Mọ́wùnmí lọ́kàn. Ohun tó ti dá gbé fún ọdún mẹ́rin, tó rò pé kò sí ẹ̀dá alààyè mìíràn tó mọ̀ ọ́n, ọmọ rẹ̀ ló dúró síbẹ̀ tó ń kà á jáde lórí fóònù.

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Nobody. Ṣá test ẹ̀. Kí ìwọ fúnra ẹ sùn lórí good mat níta, nínú cold. Tí òtútù bá mú ẹ, mi ò lọ mọ́. Mi ò ní mention camp nínú ilé yìí mọ́, I promise.”

Mọ́wùnmí ronú díẹ̀, ó sì gbà. Ó gbà kíákíá débi pé ó ya ọmọ náà lẹ́nu. Ohun tí Moráyọ̀ ò mọ̀ ni pé ìyá rẹ̀ gbà nítorí ó dá a lójú pé kò sí máàtì kan láyé tó lè yege. Ẹni tó ti fi ogójì ọjọ́ sùn lórí kọnkéré mọ ọwọ́ ilẹ̀. Kò ní láti sọ pé rárá mọ́. Òtútù ló máa bá a sọ ọ́.

Ìyàwó rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, nítorí náà ọ̀sán ló fi ń sùn. Ó ní bálíkónì lòun máa sùn sí. O mọ bálíkónì yín: kọnkéré lásán ni, afẹ́fẹ́ láti etí odò ò sì yé fẹ́ níbẹ̀ rí. Àpò ìsùn tí Obed yá wọn ló máa wọ̀. Máàtì nìkan ló kù tí wọ́n máa wá.

Máàtì kìíní, ọjà Beresford Square ni Mọ́wùnmí ti rà á, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mùjídì, tó ń ta kúbùsù, ìgbálẹ̀ àti oríṣiríṣi nǹkan. Bẹ́ẹ̀dì onífẹ́ẹ́fẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ títí á fi wú. Ó ga dé orúnkún. Mùjídì fi ọwọ́ gbá a, ó ní, “Mummy, this one na hotel bed. You go sleep like president!” Ẹni tó bá rí bó ṣe nípọn tó, á gbà á gbọ́. Mọ́wùnmí gbé e sí bálíkónì, ó dùbúlẹ̀ sí i lówùúrọ̀, ó tù ú lára fún ìgbà díẹ̀. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí tutù. Afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú rẹ̀, kò sí òwú, kò sí nǹkan kan tó lè dá ooru dúró. Bó ṣe ń yí padà ni afẹ́fẹ́ tútù náà ń yí kiri lábẹ́ rẹ̀. Ó fara dà á títí eyín rẹ̀ fi ń gbá ara wọn, ó wá dìde wọlé, ó ń gbọ̀n.

Inú rẹ̀ sì dùn. Bíyìí, inú ìyàwó rẹ dùn pé òtútù mú un! Ó po tíì, ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú. Kò tíì rẹ́rìn-ín báyẹn láti ìgbà tí o ti lọ.

“Airbed nìyẹn,” Moráyọ̀ sọ nígbà tó dé. “Mo sọ fún ẹ kó o má ra airbed. It’s for summer.”

“Ó nípọn.”

“Mummy, kò sí nǹkan tó kan bó ṣe nípọn.”

Èkejì, fóòmù ni, pẹlẹbẹ, aláwọ̀ búlúù, tí Moráyọ̀ rà ní Powis Street lẹ́yìn iṣẹ́. Èyí sàn díẹ̀. Fóòmù náà kò jẹ́ kí òtútù tètè dé, ṣùgbọ́n ó tinrín. Nígbà tí Mọ́wùnmí fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ibi tí egungun ìbàdí àti èjìká rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni òtútù gbà wọlé. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó dijú, kò mira, ó ń dúró kó tutù sí i.

Ibi tó dùbúlẹ̀ sí báyẹn ni Sẹ̀kínátù, obìnrin ará Ìbàdàn tó ń gbé ilẹ̀kùn kejì, ti yọjú láti bálíkónì tirẹ̀. O mọ Sẹ̀kínátù; ariwo rẹ̀ ò yí padà.

“Yéè! Ìyá Moráyọ̀! Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?”

“Máàtì ni mò ń yẹ̀ wò,” Mọ́wùnmí dáhùn láìlajú.

“Máàtì kẹ̀? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe báyìí. Ogójì ọjọ́ ti pé tipẹ́tipẹ́. Ẹ rántí àwọn ọmọ.”

“Auntie Sẹ̀kínátù, mo ní máàtì ni.”

Kò gbà. Ó sá wọlé, ó pe fóònù wa, ó ní kí a tètè máa bọ̀, pé ìyá Moráyọ̀ ti padà sórí ilẹ̀. Àwa náà kó sínú bọ́ọ̀sì láti Woolwich, ògì gbígbóná wà nínú fúláàsì, àdúrà wà lẹ́nu wa. Nígbà tí a débẹ̀, a bá a tó ń ká fóòmù, Sẹ̀kínátù sì ń nu omijé nù fún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sunkún. A mu ògì náà fúnra wa. A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò sì lọ jìnnà, nítorí gbogbo wa la wo bálíkónì yẹn tí a rántí ibi tí o máa ń dúró sí níbẹ̀, tí o máa ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá.

Ìpàgọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí Moráyọ̀ gbé ẹ̀kẹta dé. Owó iṣẹ́ Sátidé rẹ̀ ló kó lé e. Nínú àpò, kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ. Mọ́wùnmí wò ó, ó yọ ṣùtì.

“Èyí?”

“Èyí. Wo number tó wà lára ẹ̀.” Moráyọ̀ jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí i. “Bí number yìí bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ground ò ṣe ní lè gba heat ẹ. Fóòmù yẹn, méjì ni. Èyí, mẹ́rin. Tó o bá wá fi fóòmù sí abẹ́, tó o fi èyí lé e lórí, wọ́n á di mẹ́fà. Wọ́n ní pẹ̀lú mẹ́fà, o lè sùn lórí snow.”

“Kí ló wà nínú ẹ̀?”

“Air. Ṣùgbọ́n wọ́n pín in sí kékeré kékeré, kò lè máa rìn kiri. There’s like silver inside, tó ń dá heat ẹ padà sí ẹ lára.”

Mọ́wùnmí ń wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lórí nǹkan náà, ó ń ronú pé irú rẹ̀ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dún tí òun ń ká ẹní.

Ọjọ́ tó sùn lórí rẹ̀ ni ọjọ́ tó tutù jù lọ lọ́dún. Ìrì dídì funfun bo òrùlé ilé gbogbo ní Thamesmead, àwọn onímọ́tò ń ha gíláàsì ọkọ̀ wọn. Mọ́wùnmí ti ibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ bàtà, ó tẹ́ fóòmù, ó tẹ́ máàtì lé e, ó wọnú àpò ìsùn. Moráyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì iléèwé rẹ̀, ó wò ó, ó lọ.

Ìyàwó rẹ dùbúlẹ̀, ó ń dúró de òtútù. Ojú rẹ̀ àti imú rẹ̀ tutù. Ó ní ẹ̀yìn òun ló kàn. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó lè tètè dé. Kò dé. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ara rẹ̀, ó bá ooru níbẹ̀, ooru ara òun fúnra rẹ̀ tí ilẹ̀ ò rí gbé lọ. Ó ń bá òtútù sọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó máa bọ̀, pé ibo ló wà, ṣé kì í ṣe òtútù náà ló pa ọkọ òun? Ibi tó ti ń bá a wí lọ́wọ́ ni oorun gbé e lọ.

Moráyọ̀ dé láti iléèwé, ó bá a tó ń sùn fọnfọn. Ó jí i. Mọ́wùnmí lajú, ó rí ibi tó wà, ó rí oòrùn tó ti ń wọ̀, inú sì bí i gidigidi.

“Ó tutù,” ló sọ.

“Mummy.”

“Mo ní ó tutù! Òtútù mú mi. O ò lọ.”

Moráyọ̀ kúnlẹ̀ sórí kọnkéré náà. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ìsùn, ó gbé e sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ní, “Mummy, ẹ̀yìn ẹ gbóná.”

Ẹkún tí Mọ́wùnmí sun níbẹ̀, Sẹ̀kínátù gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò yọjú. “Mi ò fẹ́ kó ṣiṣẹ́,” ni Mọ́wùnmí ń wí. “Moráyọ̀, mi ò fẹ́ kó ṣiṣẹ́.”

“Mo mọ̀,” ọmọ rẹ dáhùn. “Mo mọ̀ láti ọjọ́ airbed.”

Bí ó ṣe jẹ́ kó lọ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló tún di ẹrù. Fóòmù, máàtì, àpò ìsùn, ìbọ̀sẹ̀ tí a ò lè kà. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbé wọn lọ, kò jẹun, kò fi fóònù sílẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá ti ń wọ ibi iṣẹ́ lálẹ́, á wo ojú ọ̀run. Àwọn arúgbó tó ń tọ́jú ń bi í pé kí ló ń ṣe é, á ní kò sí. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ran gbogbo wa. Kò sí ẹni tó sùn dáadáa nínú ẹbí yìí títí ọjọ́ Ìsinmi fi dé.

Yarnton Way ni ọkọ̀ náà já wọn sí. Gbogbo wa la lọ dúró dè wọ́n. Moráyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, irun rẹ̀ ń rùn fún èéfín igi, ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ gbọọrọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. A ń tẹ́tí fún ikọ́. Kò wúkọ́. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì pariwo Alelúyà. Mọ́wùnmí gba àárín wa kọjá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ náà lábẹ́ kóòtù.

“Ṣé o sùn?”

“Mo sùn gan-an, Mummy. Frost wà lórí tent, everything white. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.”

A rò pé yóò jó. A ti múra láti bá a jó. Ṣe ni Mọ́wùnmí rọra jókòó sí etí títì, nínú aṣọ funfun rẹ̀, lórí ilẹ̀ tútù yẹn, ó sì figbe ta, irú igbe tí kò ta lọ́jọ́ tí a sin ọ́.

“Bíyìí! Ó ṣeé lọ kéèyàn sì bọ̀! Bíyìí o! Ó ṣeé lọ kéèyàn sì bọ̀!”

Kò sí ẹni tó lè gbé e dìde. Ó ti bẹ̀rù tó pé ilẹ̀ yẹn lè gba Moráyọ̀, kò sì rò ó rí pé bí ọmọ náà bá padà wá láyọ̀ àti àlàáfíà, ohun tí yóò sọ fún òun nìyẹn. Bí ọmọ bá lè sùn níbẹ̀, kó jí, kó rẹ́rìn-ín wálé, ìwọ náà ì bá ti wálé. Fóòmù pẹlẹbẹ kan, máàtì tí kò ju búrẹ́dì kan lọ. Nǹkan tó kéré báyìí, Bíyìí! Moráyọ̀ jókòó tì í lórí ilẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Levi náà wá jókòó. Nígbà tó yá, gbogbo wa la jókòó, àgbà àti ọmọdé, àwọn bọ́ọ̀sì ń yà fún wa.

A ò gbàgbé ohun tí dókítà sọ. Bóyá òun ló mọ̀. Bóyá pẹ̀lú máàtì ọgọ́rùn-ún, ìwọ ì bá ṣì ti lọ. A ti sọ èyí fún ìyàwó rẹ títí ẹnu wa fi rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń dúpẹ́, kò gbà wá gbọ́. Ká má parọ́, àwa náà kì í gba ara wa gbọ́ nígbà mìíràn.

Ọdún mẹ́rin rèé, Bíyìí Ìbítóyè, ọkọ Mọ́wùnmí, bàbá Moráyọ̀ àti Levi. Àárò rẹ ń sọ wá ní Woolwich, ó ń sọ wá ní Thamesmead, ó ń sọ wọ́n ní Ìkirè nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí. A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀, a kò sì ní dẹ́kun. Ká ní a mọ̀ ni, bí kò bá tilẹ̀ sí máàtì kankan láyé, àwa fúnra wa ni à bá dùbúlẹ̀ sórí koríko yẹn, kí ìwọ sùn lé wa lórí.